Òfin Pàjáwìrì Nìkan Kò Tó fún Àwọn Ilé Ìtọ́jú Arúgbó

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín nílé àti lẹ́yìn odi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka lẹ́tà àwọn tí wọ́n ń rọ àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n fi àṣẹ pàjáwìrì de àwọn ilé tí wọ́n ti ń gbowó tọ́jú arúgbó, alárùn ọpọlọ àti àwọn tí ara wọn kò dá ṣáṣá, kí wọ́n sì ti gbogbo èyí tí kò bá ní ìwé àṣẹ pa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ń bí wọn nínú. Ẹni tí ó bá rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde láti ibì kan ní Òjóò, n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n há wọn mọ́ lórúkọ àtúnṣe ìwà, kò ní sọ pé àwọn tí ń pariwo ń ṣe àṣejù. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà jẹun, ti dán irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wò rí. Àṣẹ náà kò pé oṣù méjì tí adájọ́ fi wọ́gi lé e. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pa àṣẹ náà ti di òfin lónìí, kò sì sí ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀ tí ó lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí àwọn nǹkan méjèèjì yìí ṣe jẹ́ òtítọ́ papọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mo rí i pé àwọn tí ń kọ̀wé sí yín ń béèrè fún ìdajì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, wọn kò sì dárúkọ ìdajì kejì rárá.

Ìjì líle tí wọ́n pè ní Irma dé Florida ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ọjọ́ Àìkú ni. Ní ìlú Hollywood, ní agbègbè Broward tí ó wà lókè Miami, ilé ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní Rehabilitation Center at Hollywood Hills, tí àwọn tí ó lé ní 140 ń gbé inú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dìde lórí ibùsùn fúnra wọn. Ìjì náà kò wó ilé yìí, omi kò wọ̀ ọ́, iná kò sì kú nínú gbogbo rẹ̀. Tiransfọ́mà kan ṣoṣo ni ó ní ìṣòro, òun ni ó sì ń gbé iná lọ sí ẹ̀rọ amúlétutù. Gílóòbù ń tàn nínú àwọn yàrá, ṣùgbọ́n ooru ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ dé ọjọ́, pàápàá ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, nítorí oṣù Kẹsàn-án ní gúúsù Florida kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oṣù Kẹta ní Èkó. Wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wọlé, wọ́n pe iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, wọ́n pe ìjọba, wọ́n sì ń dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 13 oṣù náà fi mọ́, àwọn arúgbó ti ń kú. Ẹni mẹ́jọ ni ó kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ó sì yá, oníṣègùn tí ń ṣàyẹ̀wò òkú fún ìjọba sọ pé ikú ẹni 12 ni a gbọ́dọ̀ kà sí ikú tí ènìyàn fa.

Ohun méjì nípa ìtàn náà ni ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Èkíní ni pé ọsìbítù ńlá kan, Memorial Regional, wà ní òdìkejì títì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọsìbítù náà ni wọ́n sáré sọdá títì wá kó àwọn tí ó kù jáde nígbà tí wọ́n rí bí nǹkan ṣe rí. Èkejì, òun ni ó kan òfin jù: ilé náà ní jẹnẹrétọ̀. Ìlànà tí ó wà nígbà náà kò sọ pé jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí náà tirẹ̀ kò gbé e. Ìwé àṣẹ wà lára ògiri, ẹ̀rọ amúnáwá sì wà lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí wọ́n rò pé ìwé àṣẹ nìkan ni ó ń dáàbò bo arúgbó fi èyí sọ́kàn.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò rò ó rí. Lẹ́yìn àwọn ìjì ọdún 2004 àti 2005, àwọn aṣòfin kan ní Florida gbé àbá jáde pé kí àwọn ilé ìtọ́jú kan ní jẹnẹrétọ̀ tí ó tóbi tó, ṣùgbọ́n àbá náà kú sórí tábìlì nítorí ọ̀rọ̀ owó. Ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ tán, kò sí ẹni tí ó fẹ́ ná owó sórí ìjì tí kò tíì dé, ọdún mọ́kànlá sì kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú wọ̀nyẹn, Gómìnà Rick Scott kéde òfin pàjáwìrì. Àjọ tí ń fún àwọn ilé ìwòsàn ní ìwé àṣẹ àti ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ni wọ́n jọ gbé e jáde. Ó sọ pé gbogbo ilé ìtọ́jú, ìbáà ṣe èyí tí nọ́ọ̀sì ń wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru tàbí èyí tí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣì ń rìn díẹ̀ ti ń gba ìrànwọ́, gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀ àti epo tí yóò mú kí ilé tutù fún wákàtí 96 lẹ́yìn tí iná bá lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ẹni tí kò bá ṣe é lè san ẹgbẹ̀rún dọ́là fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní òfin pàjáwìrì níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tí gómìnà lè fi ẹnu lásán sọ. Nígbà tí kò sí pàjáwìrì, bí àjọ ìjọba kan bá fẹ́ ṣe ìlànà tuntun, ó gbọ́dọ̀ gbé e jáde kí ará ìlú kà á, kí ó gba èsì wọn, kí ó pe ìpàdé bí wọ́n bá béèrè, kí ó sì ṣírò iye tí yóò ná àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí ìṣirò náà bá ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ láàárín ọdún márùn-ún, ìlànà náà kò lè múlẹ̀ àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Òfin ìpínlẹ̀ náà fún àwọn àjọ láyè láti fo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí ewu ojú-ẹsẹ̀ bá wà fún ìlera tàbí ẹ̀mí ará ìlú, ṣùgbọ́n ó gba nǹkan méjì lọ́wọ́ wọn dípò rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewu náà wà àti irú ewu tí ó jẹ́, kí ẹni tí kò bá gbà lè gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ìlànà náà kò sì gbọdọ̀ ju 90 ọjọ́ lọ, wọn kò sì lè sọ ọ́ dọ̀tun àyàfi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ lórí ìlànà tí yóò wà pẹ́. Mo fẹ́ràn apá ìkẹyìn yìí gan-an. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ìwà ìjọba: ó mọ̀ pé ohun tí a bá fi ìkánjú ṣe, a máa ń fẹ́ kí ó rọ́pò ohun tí ó yẹ kí a fi sùúrù ṣe.

Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣojú fún àwọn onílé ìtọ́jú gbé ìjọba lọ síwájú adájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ lórí ìlànà àwọn àjọ. Wọn kò sọ pé ó dára kí arúgbó kú sínú ooru. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò sí bí ọgọ́ta ọjọ́ yóò ṣe tó. Ẹ̀rọ tí ó lè gbé amúlétutù ilé olókè kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fọwọ́ fà okùn rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́; oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, wọn yóò ṣe é ní iléeṣẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ yóò fọwọ́ sí ibi tí wọn yóò gbé e kalẹ̀ sí, àwọn panápaná yóò yẹ àgbá epo wò kí wọ́n tó jẹ́ kí epo wọ inú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé ìtọ́jú ní ìpínlẹ̀ kan bá ń wá nǹkan kan náà lọ́jọ́ kan náà, láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ kan náà, ìlà yóò gùn. Ilé tí nọ́ọ̀sì ń wà ní Florida nígbà náà tó nǹkan bí 680, irú kejì sì lé ní 3,000.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Adájọ́ Gar Chisenhall dá wọn láre. Ó ní àwọn àjọ ìjọba kò fi ẹ̀rí hàn pé ewu ojú-ẹsẹ̀ tí òfin ń sọ wà, ó sì ní kò ṣeé ṣe fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà láti ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe kí ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá tó pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Broward bínú, wọ́n ní adájọ́ náà kò ní ìyá. Gómìnà sọ pé òun kò gbà, pé ìjọba yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lójú tèmi, adájọ́ náà kò ṣe ohun tí ó burú. Ìlànà tí ó pàṣẹ ohun tí kò ṣeé ṣe kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ gbogbo onílé ìtọ́jú di arúfin lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni, ẹni tí ó ń gbìyànjú àti ẹni tí kò bìkítà. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá sì ti jẹ́ arúfin, ẹni tí ó bá wu ayẹ̀léwò ni yóò mú. Àwọn ará ilé kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ń bí.

Ohun tí ó gba ọ̀rọ̀ náà là ni pé àwọn àjọ ìjọba kò dúró de òpin ẹjọ́. Wọ́n gbé ìlànà tí yóò wà pẹ́ lọ sí ojú ọ̀nà tí ó yẹ, wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá wọn ṣẹjọ́, wọ́n sì gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí iye owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan náà lọ fíìfíì. Ilé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i ní ìparí ìjókòó wọn ọdún 2018, gómìnà sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2018, tí àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe gbèdéke, ẹni tí ó bá sì lè fi hàn pé òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè gba àfikún àsìkò títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ìjì Michael wọlé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì wà nínú àfikún yẹn. Ìnira tí ó wà nínú sùúrù nìyẹn, n kò ní fi pamọ́.

Nínú ìlànà kejì yìí ni ènìyàn ti máa rí èrè ìjókòó pẹ̀lú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Wákàtí 96 kò yí padà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n mú gbogbo ilé tutù mọ́: ibì kan tí gbogbo wọn lè kó ara jọ sí ni ó gbọ́dọ̀ tutù, kí ooru ibẹ̀ má ju ìwọ̀n 81 ti Fahrenheit lọ, èyí tí ó tó nǹkan bí 27 ní ìwọ̀n Celsius. Fún ilé tí nọ́ọ̀sì ń wà, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àyè ẹsẹ̀ bàtà 30 níbùú lóòró. Fún irú kejì, ẹsẹ̀ bàtà 20, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní gígùn àti mẹ́rin ní ìbú, bí ẹní kékeré kan. Ilé irú kejì yìí tí ibùsùn rẹ̀ kò ju 16 lọ gbọ́dọ̀ ní epo tí yóò tó wákàtí 48 nílẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ní ti wákàtí 72, àwọn méjèèjì yóò sì wá ìyókù nígbà tí ìjọba bá ti kéde pé ìjì ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ka èyí lẹ́ẹ̀kan yóò rò pé wọ́n dín òfin kù. Ẹni tí ó bá mọ irú ilé wọ̀nyẹn yóò mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ó ṣeé ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn ilé kéékèèké, nítorí àwọn ni wọ́n fara jọ èyí tí a ní nílé. Ní Miramar, ní Pembroke Pines àti ní àwọn àdúgbò mìíràn ní Broward, ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ni kò yàtọ̀ sí ilé ẹlòmíràn lójú títì. Ibùsùn mẹ́fà ni ó máa ń wà níbẹ̀. Obìnrin tí ó ni ilé ni ó ń se oúnjẹ, òun ni ó ń kó oògùn fún wọn, òun náà ni ó ń dáhùn nígbà tí ayẹ̀léwò bá kanlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ Jàmáíkà, Haiti, Cuba àti Philippines pọ̀ nínú wọn, àwọn tiwa náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé ilé wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ olówó. Bí ilé bá tì, kò sí ilé mìíràn tí yóò gbà wọ́n ní iye tí wọ́n ń san. Òfin tí ó bá fi òṣùwọ̀n ilé olókè wọn ilé oníbùsùn mẹ́fà yóò ti ilé oníbùsùn mẹ́fà pa, ilé olókè yóò sì san owó ìtanràn, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba gba ìwé àṣẹ Hollywood Hills, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 200 ni wọ́n padà sílé láìníṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. N kò sọ pé kí wọ́n má gba ìwé àṣẹ náà. Ó yẹ kí wọ́n gbà á. Mo ń sọ pé títi ilé pa ní iye tí ó ń náni, ẹni tí kò lẹ́nu níbi ìpàdé ni ó sì sábà máa ń san án.

Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí yín sọ pé kí a má tilẹ̀ wá ìlànà kiri, kí a máa fi àwọn onílé ìtọ́jú tí ó bá ṣìṣe sẹ́wọ̀n. Ẹ wo bí ti Hollywood Hills ṣe parí. Ní ọdún 2019, wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ọ̀gá ilé náà àti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 2022, agbẹjọ́rò ìjọba fà ọwọ́ ẹjọ́ kúrò lára àwọn nọ́ọ̀sì náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, adájọ́ dá ọ̀gá náà sílẹ̀ láìdúró de ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ń gbọ́ ẹjọ́, ó ní ẹ̀rí kò tó. Ó lé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú ẹni 12, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lọ sẹ́wọ̀n. Ẹjọ́ ọ̀daràn ń béèrè ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tí kò bìkítà rárá; ilé ìtọ́jú sì jẹ́ ibi tí ènìyàn púpọ̀ ti lè ṣe díẹ̀díẹ̀ ohun tí kò tọ́ títí arúgbó yóò fi kú, láìsí ẹnì kan tí a lè nàka sí. Ìlànà ìwé àṣẹ ni ó lè dé ibẹ̀ ṣáájú ikú.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé jẹnẹrétọ̀ ti parí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2021, nígbà tí ìjì Ida ń bọ̀ ní Louisiana, wọ́n kó àwọn tí ó lé ní 800 láti ilé ìtọ́jú méje lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Independence, wọ́n tò wọ́n sórí ilẹ̀, àwọn kan sì kú níbẹ̀ kí ìjọba tó wá gba ìwé àṣẹ ilé méjèèje. Àwọn ilé wọ̀nyẹn ní ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìgbà ìjì. Ohun tí mo ń rò nígbàkúùgbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni pé ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, kí a máa kó wọn lọ. Bí nọ́ọ̀sì kékeré bá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí ọ̀gá lójú oorun, tí ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ pe ẹni tí ó nilé, arúgbó tí ó wà ní òkè kejì kò ní ẹ̀mí tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe ìpinnu yẹn.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà láàárín ogún ọdún. Àwa tí a wà lókè òkun ni a ń fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ìyá àti bàbá tí kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́, àwọn ilé tí ń gba owó náà sì ń pọ̀ sí i, láfikún sí èyí tí ìjọba Èkó ní ní Yaba àti èyí tí àwọn ìjọ ń bójú tó. Òfin ti wà ní ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀: òfin ọdún 2017 kan dá ibùdó fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ ní oṣù Kìíní ọdún 2023 láti rọ́pò èyí tí ó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà. Èkó ní àjọ HEFAMAA tí ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn wò. Ilé ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, kì í sì í ṣe ilé ìjọsìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílé kan máa ń pe tiwọn ní èyíkéyìí nínú mẹ́ta náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá wá bi wọ́n léèrè. Ibi tí òfin kò bá ti sọ ohun tí ilé kan jẹ́, àṣẹ pàjáwìrì kò ní rí ilé náà mú.

Bí gómìnà kan bá wá fẹ́ lo àṣẹ pàjáwìrì lónìí, mo lérò pé ó yẹ kí ó kéré, kí ó sì jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan: kí gbogbo ilé tí ń gbowó tọ́jú ènìyàn lọ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú iye àwọn tí wọ́n ń gbé ibẹ̀, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ayẹ̀léwò nígbàkúùgbà, kí wọ́n tú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀, kí ilé tí ó bá kọ̀ má lè gba ẹni tuntun. Ìwọ̀n yàrá, iye òṣìṣẹ́, iná àti epo, gbogbo ìyẹn kò yẹ nínú àṣẹ pàjáwìrì, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yóò ti wọlé. Èyí yẹ kí ó wà nínú àbá òfin tí gómìnà yóò fi ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ kan náà tí ó bá buwọ́ lu àṣẹ náà. Mo tẹnu mọ́ ọjọ́ kan náà, nítorí bí ó bá pẹ́ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn yóò ti gba iwájú ìwé ìròyìn. Kí àṣẹ náà sì sọ ọjọ́ tí yóò kú.

Kí àwọn aṣòfin má sì ṣe ẹ̀dà ti Florida. Ewu tiwa kì í ṣe ìjì Irma. Ìbàdàn mọ ohun tí omi ń ṣe, láti Ògùnpa ọdún 1980 dé oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó sì yẹ kí òfin béèrè bí wọn yóò ṣe gbé ẹni tí kò lè rìn kúrò nínú ilé tí odò wà lẹ́yìn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun tí a óò fi òfin kọ́ wa rà. Ta ni kò ní in? Epo inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, àti ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé tí ó bá ní kí òun tọ́jú epo wákàtí 96 nílẹ̀ lè má rí owó ọbẹ̀ mọ́. Ẹ bi àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà léèrè iye tí ó ṣeé ṣe, kí ẹ tó kọ iye kan sílẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ náà, kì í ṣe àwọn onílé nìkan.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Ẹ ní àwọn akọ̀ròyìn ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi alága ìgbìmọ̀ ìlera ní ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde pẹ̀lú orúkọ wọn: ilé ìtọ́jú mélòó ni ó wà ní ìpínlẹ̀ yín, àjọ wo ni ó sì ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọn lọ́wọ́? Bí ẹni kan bá dáhùn pé òun kò mọ̀, kí ẹ tẹ ìyẹn náà jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà kan,
Miramar, Florida.